Wákàtí Mẹ́fà Ààbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù

                                        Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 318,
                                        Adigbe, Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 1983.

Láwàlì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ìwé tí ò ń kà ńkọ́, ṣé ó ń wọ orí? Ìyàwó mi Àsíátù ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, àbí tíì nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ yín. Èmi náà wà. Iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò ṣì ń gbé mi jáde láàárọ̀, eruku rẹ̀ ṣì ń bá mi wálé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta máìlì ni Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, pé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni bàálù ń fò ó, pé bí ohunkóhun bá ṣe bàbá rẹ, o lè mu tíì àárọ̀ lọ́hùn-ún kí o sì jẹun alẹ́ nílé. Ọ̀mọ̀wé! Lẹ́tà tí o fi sọ ọ́, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò lójú ọ̀nà.

Mo kà á sí Bàbá létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. O rántí pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọ lọ́rì nígbà tí wọ́n ń kó àdìrẹ lọ Kánò. Wọ́n ní, "Jẹ̀lílì, Lọ́ńdọ̀nù wá sún mọ́ wa ju Kánò lọ nìyẹn. Kí ló wá dé tí Láwàlì ò yà kí mi?" Láti ọjọ́ náà, bí bàálù bá ti kọjá lókè, wọ́n á béèrè bóyá ó ti balẹ̀.

Ohun tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ni mo fẹ́ sọ yìí. Bàbá kò dìde mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí wọ́n ti ń kírun lórí ìdùbúlẹ̀. Àlájì Jùbrílù, àbúrò wọn, pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sí ọ nítorí ìdánwò rẹ, pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo yà ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ Bùsírátù ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìtòkú, mo rí aṣọ funfun tuntun tó ká sí ìsàlẹ̀ àpótí. Mo fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ìgbà wo ni yóò rẹ ẹ́ sínú aró. Ó wò mí, ó pa àpótí dé. Ẹ̀rù bà mí, Láwàlì.

O mọ Túbọ̀sún, aládùúgbò wa tó wà ní Améríkà. Lọ́dún tó kọjá, wáyà tí wọ́n tẹ̀ sí i láti pósítì ni, "Ìyá ń ṣàìsàn, máa bọ̀." Ó sáré wọ bàálù. Kò tíì gbé àpò kalẹ̀ tí wọ́n fi ń kí i pé kú ará fẹ́ra kù. Sàréè ti pé ọjọ́ mẹ́jọ. Irú wáyà yẹn ni Àlájì ní kí n kọ sílẹ̀ de ìwọ náà. Ó wà nínú àpò mi báyìí, ọjọ́ nìkan ni kò tíì sí lórí rẹ̀.

Bàálù yín yára lóòótọ́, tiwa yára jù ú lọ. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí a tó kírun Alásárì, erùpẹ̀ ti bò ó. A kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ni n kò ṣe fi lẹ́tà yìí sí pósítì. Theophilus ibi iṣẹ́ wa ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Máa bọ̀ bí o bá ti kà á tán. Bí o bá dúró títí wáyà fi sọ fún ọ pé Bàbá ń ṣàìsàn, má wulẹ̀ sáré mọ́.

Bá mi kí Fọlákẹ́mi ìyàwó rẹ. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá ni mo ti ń kọ èyí; àwọn ará ilé rò pé ìwé ibi iṣẹ́ ni.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè pa ẹnu mọ́,
                                        Jẹ̀lílì.

Àfikún: Bí mo ṣe ń lẹ lẹ́tà yìí ni bàálù kan kọjá lókè. Bàbá kò béèrè bóyá ó ti balẹ̀.