Kẹ̀kẹ́ Méjì Lójú Ọ̀nà Ìrèlè

Bàámi àtàtà,

Mi ò ní kí yín pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, torí ọjọ́ náà ti kọjá bẹ́ẹ̀. Orí itan ni mo ti ń kọ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bí ìlà rẹ̀ ṣe rí. Mo rántí pé ẹ máa ń bínú tí mo bá kọ̀wé wágunwàgun. Ẹ fojú fo ti òní.

Fẹ́mi wá sílé. Àbígbẹ̀yìn yín, tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ nígbà tí ẹ lọ, ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ìbàdàn ló ń gbé. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀ máa ń gun kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò fún ìgbádùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, fún ìgbádùn ni o, kì í ṣe pé ìjọba ló rán wọn níṣẹ́ bíi tiyín. Ó di kẹ̀kẹ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wálé, ó ní ọ̀kan jẹ́ tèmi. Ó ní òun fẹ́ gun gbogbo ọ̀nà tí ẹ gùn nígbà tí ẹ ń ṣe wolé-wolé, láti Ìkọ̀lé títí dé àárín àwọn òkè. Kò mọ̀ yín, Bàámi. Ó rò pé òun lè rí yín lójú ọ̀nà.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé rárá?

Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀nà ti dà. Nígbà tiyín, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń jáde ní kùtùkùtù. Ẹ ó ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ ó so ìgò omi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di ìrọ̀lẹ́ ká tó tún rí yín. Ohun tí Màámi ń bẹ̀rù nígbà náà kò ju òjò àti ejò lọ. Ní báyìí, èèyàn là ń bẹ̀rù. Àwọn ajínigbé á jáde láti inú igbó, wọ́n á dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á kó èèyàn wọgbó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sóko lásán á kọ́kọ́ bi àwọn tó ń bọ̀ pé ṣé ọ̀nà dára. Kì í ṣe kòtò ló ń béèrè.

Apá Ọ̀yẹ́ àti Ìdó la kọ́kọ́ lọ, torí ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà ibẹ̀. Mo wọ ṣòkòtò Fẹ́mi kan, mo dé akoto. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́ ń pariwo pé, "Mọ́mì, ẹ rọra o!" Ní Ìdó, bàbá kan tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé epo ti wá wọ́n tó báyìí ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nígbà tí a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi létí, tí àwọn àpáta ń sáré kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sọ sínú ara mi pé, ṣé ohun tí Bàámi ń gbádùn nìyí, tó ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ni?

Ìgbádùn yẹn ló tàn mí.

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́mi ní ọ̀nà Ìrèlè ló kàn. Mo ní kí a lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, tàbí Ayébọ̀dé, torí ọjà wọn bọ́ sí ọjọ́ náà, èrò á pọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé Ìrèlè ni Bàámi máa ń lọ jù." Òótọ́ ló sọ. A kò sọ fún Màámi. A dúró kí oòrùn là dáadáa, a sì gbéra.

Ibì kan wà lọ́nà náà tí òkè ti ga. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi. Fẹ́mi náà ń ti tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí ojú má baà tì mí. Bọ́ọ̀sì kan wá kọjá lára wa, ó ń kérora gùnkè. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń jayé o! Ẹ bá mi gun tèmi!" Gbogbo inú ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé orí òkè, Fẹ́mi ní kí n sinmi, pé òun á dúró dè mí nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí kọ́nà, mi ò rí i mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn dún.

Wọ́n máa ń sọ pé èèyàn á kọ́kọ́ rò pé táyà ló bẹ́. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún léraléra, mo wá gbọ́ igbe. Fẹ́mi wà nísàlẹ̀ yẹn. Ṣé kí n sáré lọ bá a ni, àbí kí n sá? Èwo lẹ̀yin ì bá ṣe, Bàámi? Mo bi yín lórí òkè yẹn, mo ṣì ń bi yín.

Mo ju kẹ̀kẹ́ sínú koríko, mo wọ oko kòkó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, mo dojú bolẹ̀. Ewé gbígbẹ ń ró lábẹ́ àyà mi bí mo ṣe ń mí, ni mo bá ń gbìyànjú kí n má mí. Èèrà ń rìn lọ́rùn mi, mi ò gbé ọwọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó ń kọjá nínú igbó òdìkejì, ẹsẹ̀ púpọ̀, mo sì gbọ́ ẹnì kan tó ń sunkún tí wọ́n ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Mo ń tẹ́tí bóyá Fẹ́mi ni. Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàdúrà pé kó jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀, ọwọ́ kan bà mí lẹ́yìn. Mo gbà pé ó ti parí fún mi nìyẹn. Obìnrin àgbà kan ni, ó fi ìborùn bo orí, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má sọ̀rọ̀. Dìde, máa tẹ̀ lé mi."

Ó mú mi lọ sí ahéré rẹ̀ láàárín oko, ó bu omi fún mi. Ó ní wọ́n ń pe òun ní Ìyá Ráfíù, ará Ìrèlè lòun, oko òun nìyí. Ó ní, "Níbo ni ulé rẹ? Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dárúkọ yín.

"Wolé-wolé!" Ó gbàgbé pé òun ló ní ká má sọ̀rọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wolé-wolé oníkẹ̀kẹ́! Ó mú ìyá mi nítorí tanwíjí inú ìkòkò omi. Ìlú a ti mọ̀ kó tó dé, torí a máa ń gbọ́ orin rẹ̀ láti orí òkè."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹ fẹ́ràn orin.

Ó wò mí. "Ti orin kọ́. Ẹ̀rù ni. Ó sọ fún baba mi pé kọ́nà ìsàlẹ̀ òkè yẹn kì í bá òun lára mu, pé bí òun kò bá kọrin, òun kò lè gbà á kọjá."

Ṣé òótọ́ ni? Gbogbo ìgbà tí ẹ wọlé tí ẹ ń fi wá ṣàwàdà, tí ẹ ń nu eruku ẹsẹ̀, ṣé ẹ̀rù lẹ ti ń bá bọ̀? Kí lẹ rí níbẹ̀? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kan nínú wa?

Mo bi Ìyá Ráfíù pé ṣé òun kò bẹ̀rù oko yìí ni. Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí lójoojúmọ́. Ṣé uṣu mi lè wa ara rẹ̀ ni?"

Nígbà tí àwọn ọdẹ ìlú gun alùpùpù dé, a bá wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀sì náà dúró ní kọ́nà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Fẹ́mi wà nínú gọ́tà, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti wọ́. Mo pe Fẹ́mi títí ohùn mi fi há. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ní, "Ìyá, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti kó o mọ́ wọn." Mo jókòó sórí ọ̀dà gbígbóná, mo ń ronú ohun tí mo fẹ́ sọ fún Màámi.

Wọ́n gbé mi dé Ìrèlè. Iwájú mọ́sáláṣí ni àwọn èèyàn péjọ sí. Mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, wọ́n ń ṣàdúrà lé mi lórí, mi ò gbọ́ ìkankan. Oòrùn ti ń rọ̀ kí wọ́n tó mú ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀yìn ìlú, bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹ̀gún ti ya gbogbo ara rẹ̀. Mi ò tètè mọ̀ pé òun ni. Nígbà tó rí mi, ó di apá mi mú, kò jẹ́ kí n lọ.

"Mo rò pé ẹ ti tẹ̀ lé mi sọ̀ kalẹ̀," ló ń sọ. "Mo ń wá yín nínú igbó. Mo ń wá yín látàárọ̀."

Bàámi, ó ń wá mi. Èmi dojú bolẹ̀, òun ń wá mi.

Wọ́n ti dá àwọn èrò ọkọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àfi awakọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Mo pàdé obìnrin aláṣọ ojú ọ̀run yẹn ní Ìkọ̀lé. Mo fẹ́ kí i, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń rìn, mo jẹ́ kó kọjá. Fẹ́mi kò tíì padà sí Ìbàdàn. Kì í sọ ohun tó rí. Tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú pópó, àwa méjèèjì á wo ara wa.

Láàárọ̀ yìí, ó ti tún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbé e jáde, ó gùn ún yípo àgbàlá wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, lábẹ́ igi ọsàn, ó tún yípo. Tó bá dé ẹnu géètì, á tẹ bíréèkì, á dúró, á wo títì, á tún yí padà. Mo jókòó sórí àkàsọ̀ iwájú ilé, mò ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò jáde. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní jáde mọ́.

Èmi àkọ́bí yín, tó kúnlẹ̀ kí yín níbi tí ẹ sùn sí, tó sì fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ nígbà tí ẹ wà láyé lọ.