Omi Tí Mo Bù fún Làtífù

Gonzagueville,
Port-Bouët,
Abidjan.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà, 2006.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Sàdíátù,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú oòrùn Èjìgbò o. Àwa náà wà níbí, à ń jẹ, à ń sùn.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní dókítà sọ pé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, pé ẹ ti yọ ṣúgà kúrò nínú ògì, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ̀gbọ́n mi, kò parí. Bí Làtífù ọkọ mi ṣe wí náà nìyẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Kò fi ṣúgà sí tíì mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ búrẹ́dì gígùn kan tán láàárọ̀ àti attiéké tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àwo ńlá lọ́sàn-án. Bí ara rẹ̀ bá ti yá díẹ̀, á pa oògùn tì. Gààrí tí ẹ fẹ́ràn bí ẹyinjú yìí náà, ṣúgà ló ń dà nínú ara. Ẹ máa wọ̀n ọ́n jẹ.

Oṣù Kìn-ín-ní ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ń ránṣọ, ó ní òun kì í mọ̀ mọ́ bóyá ẹsẹ̀ òun wà lórí ẹ̀rọ, àfi bí òun bá wò ó. A pè é ní ọyẹ́. Mo se omi, mo da iyọ̀ sí i bí ìyá wa ti máa ń ṣe fún bàbá, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní, "C'est froid, Ràmúlátù. Kò gbóná rárá. Bu òmíràn sí i, jàre." Mo bu òmíràn sí i. Ó jókòó, ó ń gbọ́ rédíò. Nígbà tó gbé ẹsẹ̀ jáde, awọ rẹ̀ ṣẹ́kù sínú omi. Ó bi mí pé kí ni mò ń wò.

Egbò náà kò jinná. Mọ́ńdè tó kọjá ni wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Mo rò pé màá sunkún, n kò sunkún. Mo fọ aṣọ, mo se ọbẹ̀, mo gbé e lọ fún un ní ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, Denise, ọmọ àwọn ará Kútọnu tó gbọ́ Yorùbá. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Tantie, ẹsẹ̀ tí ṣúgà ti mú kì í mọ iná. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi d'abord." Ó bi mí bóyá mo fọwọ́ kàn án. Mo ní rárá.

Irọ́ ni. Ẹ̀yin nìkan ni mo máa sọ fún. Mo fọwọ́ kan omi náà, ó jó mi, mo fa ọwọ́ yọ kíá. Ṣùgbọ́n Làtífù ló ní kò gbóná. Láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà nílé rẹ̀, n kò já a níyàn rí. Ẹ̀yin náà lẹ jókòó tì mí lọ́jọ́ ìyàwó, tí ẹ ní ọkọ lolórí aya. Títí di òní, ó ṣì ń sọ fún àwọn tó ń wá kí i pé omi náà kò gbóná.

Ẹ bá mi kí ìyá wa, ẹ má tíì sọ fún wọn. Ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò láràárọ̀, ẹ má fẹsẹ̀ lásán rìn dé ẹ̀yìnkùlé. Kí ẹ sì pe Bọ́láṣadé ọmọ yín jókòó. Ẹ sọ fún un pé omi yòówù tí ẹ bá fẹ́ fi wẹ̀, òun ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Bó bá ní ó gbóná, tí ẹ̀yin ní kò gbóná, kó da omi náà nù, kó má gbọ́ tiyín.

Èmi àbúrò yín tó ń ro yín lọ́kàn,
Ràmúlátù.