Iṣẹ́ Mi Tó Há Sórí Ẹ̀ka

                                        Yàrá Kẹsàn-án,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé eyín tí ọmọ ń hù ti jẹ́ kí ẹ máa rí oorun sùn? Ara tèmi le, inú ló ń bí mi.

Ẹ rántí iṣẹ́ ìṣirò tí kò jẹ́ kí n lè wá kí yín? Òdo ni olùkọ́ fún mi! Ó ní òun kò rí i. Bẹ́ẹ̀, mo ti fi í sórí ìkànnì ilé-ìwé kí ọjọ́ tó pé. Bí òdo yìí bá dúró, màá tún kọ́ọ̀sì náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí igi ni wọ́n ṣe to ìkànnì ọ̀hún. Ẹ tẹ ẹ̀ka ìmọ̀ yín, á là. Ẹ tẹ ọdún yín, á tún là. Ẹ tẹ kọ́ọ̀sì, òmíràn á yọ. Àmì tí à ń tẹ̀ kò ju hóró iyọ̀ lọ. Bí ìka bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á padé, ó di kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Kò sí ibi tí èèyàn lè kọ orúkọ ohun tó ń wá sí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tó ṣe eléyìí kò gbọ́ ọ rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí, abẹ́ físíìsì ni mo ti rí ìṣirò, ibẹ̀ ni mo fi iṣẹ́ sí. Àṣé abẹ́ ẹ̀ka ìṣirò nìkan ni olùkọ́ ń wò! Mo sunkún. Mo ní bóyá orí mi ni kò pé, bóyá ilé-ìwé yìí ju agbára mi lọ.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ìkànnì náà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò lójú ni? Gbangba ló wà!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí i."

Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó sọnù sínú igi tí òun fúnra rẹ̀ gbìn. Nígbà tó jàjà débẹ̀, iṣẹ́ gbogbo kíláàsì wa ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Gbogbo wa la gba òdo, kálukú sì ń fi tiẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú!

Ìgbà yẹn gan-an ni ìbínú mi tó dé. Èmi tí ẹ sọ ní Ẹ̀yìn-Ìlẹ̀kùn, torí pé ibẹ̀ ni mo máa ń sá sí bí àlejò bá dé, èmi náà ni mo ń kan ìlẹ̀kùn yàrá kiri láti pe àwọn ọmọ kíláàsì wa. Lọ́la a jọ ń lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́, wọ́n sì ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀. Mi ò ní tọrọ àforíjì, màá ní kí ó ṣí iṣẹ́ wa níbi tó wà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ bá mi gbé ọmọ jó.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ń bí,
Ẹ̀yìn-Ìlẹ̀kùn, tó ti jáde.