Ojú Kọ̀ǹpútà Tí O Tò fún Mi

Ìyàwó mi, ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún mi pé ojú kọ̀ǹpútà tá a fi ń ya kọ́bọ́ọ̀dù dà bíi tábìlì iṣẹ́, kí n to irinṣẹ́ síbi tọ́wọ́ mi ti máa tó o.

Láàárọ̀ yìí, oníbàárà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tí gbogbo irinṣẹ́ náà pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ ní, "Màámi, èmi kọ́ o." Orí àga mi ló jókòó sí tó fi ń sọ ọ́!

Mo rántí pé o ti fi ètò mi pamọ́ síbẹ̀ lórúkọ mi. Mo fìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ padà. Oníbàárà ti wò ó, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

O ṣeun, ọmọ dáadáa. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ fọwọ́ kàn án mọ́. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó kó bàtà lọ́wọ́, ó yọ́ jáde, kò bojú wẹ̀yìn.