Náírà Igba Lé Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Lórí Táǹkì Kọ̀ọ̀kan

Èmi, Fọlábí Àrẹ̀mú Adébísọ́lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, olùgbé Agége, tí mo ń ṣe táǹkì omi ní Oregun, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí pẹ̀lú orí pípé. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Ayọ̀ ló mú mi, ó sì pọ̀ débi pé Lọ́yà Olúfúnṣọ́ bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti mu nǹkan. Omi ni mo mu. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ sẹ́yìn, pàápàá èyí tí mo fi ìbínú kọ lọ́dún 2021.

1. Mo yan ọmọ mi Olúwafúnkẹ́mi àti Lọ́yà Olúfúnṣọ́ láti mú ìwé yìí ṣẹ. Kí wọ́n má fi ohunkóhun falẹ̀.

2. Ilé mi ní Agége, òkè àti ìsàlẹ̀, di ti Olúwafúnkẹ́mi àti àbúrò rẹ̀ Ṣèyífúnmi, ní dọ́gba-dọ́gba. Ẹ má tà á. Yàrá ẹ̀yìn ni ìyá yín Morẹ́nikẹ́ fẹ́ràn jù, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju bí mo ṣe sọ fún un lọ. Lọ́jọ́ ìjà tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ó ní kí n tún ìṣirò náà ṣe. Mo ní kí ó gbájú mọ́ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀. Morẹ́nikẹ́, ìwọ lo jàre.

3. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe táǹkì, ilẹ̀ tó dúró lé ní Oregun, àti ìdajì gbogbo táǹkì tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá kú, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Suara Sànní, ẹni tí a jọ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, tí mo pè ní olè níwájú àwọn òṣìṣẹ́ wa.

Kí ẹ̀yin ọmọ mi má bàa rò pé orí mi ti dàrú, ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Táǹkì kan nígbà náà jẹ́ ₦40,000. A fi owó orí ọjà ti ìjọba, ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, lé e, ó di ₦43,000. Èmi ni mo ń gbowó, Suara ló ń lọ san ti ìjọba. Lóṣù tí a ta irinwó táǹkì, mo mú ₦43,000, mo yọ ìdá méje àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó jẹ́ ₦3,225. Mo sọ ọ́ di ọ̀nà irinwó, mo ka owó náà lé Suara lọ́wọ́. Ó lọ, ó dé pẹ̀lú rìsíìtì àti ₦90,000 nínú àpòòwé. Ó ní owó tí mo fún òun pọ̀ jù, pé ₦3,000 péré ni ti ìjọba lórí táǹkì kan.

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti rẹ́ ìjọba jẹ, pé ó mú ìpín tèmi wá kí n lè dákẹ́, àti pé wọ́n máa tó wá ti ilé-iṣẹ́ wa pa. Bí mo ṣe pè é ní olè nìyẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Suara gbé àpòòwé náà sórí tábìlì mi, ó dágbére fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ. Láti ìgbà náà ló ti ń lẹ táǹkì tó ya fún àwọn ará Agége, tí èmi sì ń san àsanlé fún ìjọba lóṣooṣù bí ọ̀gá tó mọ̀wé.

4. Àpòòwé ₦90,000 náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo fi fún Adéìfẹ́, ọmọbìnrin tó ń ta fáànù ní Allen. Ní Sátidé tó kọjá mo ra fáànù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ₦43,000. Rìsíìtì ní ọjà jẹ́ ₦40,000, owó orí jẹ́ ₦3,000. Mo figbe ta pé ₦225 ti sọnù! Ọmọ náà kò bínú. Ó pè mí ní Dádì, ó fún mi ní àga, ó yí kálíkúlétọ̀ rẹ̀ sí mi. Ó ní orí ₦40,000 ni owó orí dúró lé, pé ₦43,000 ti pọn owó orí sẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Bí mo bá tún yọ ọ́ lára ₦43,000, mo ń gba owó orí lórí owó orí nìyẹn. Ó ní kí n fi ọgọ́rùn-ún àti méje àbọ̀ pín ₦43,000, kí n wá fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. ₦40,000! Mo tún un tẹ̀. ₦40,000 géérégé! Mo fò sókè, mo bú sẹ́kún láàárín ṣọ́ọ̀bù. Suara kì í ṣe olè! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Mo sáré jáde, mo gbàgbé fáànù síbẹ̀.

5. Fáànù náà, bí ẹ bá rí i gbà, di ti Ṣèyífúnmi, tí ooru kì í jẹ́ kó sùn. Kí ẹ kó pẹ́pẹ́yẹ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ìjọ wa. Kí wọ́n ṣọ́ra fún akọ dúdú yẹn, ó máa ń bu ènìyàn jẹ.

6. Lọ́yà ti là á yé mi pé ẹni tó bá buwọ́ lu ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kò lè jogún ohunkóhun nínú rẹ̀. Nítorí náà mo mú Ùsmán, awakọ̀ tó ń gbé táǹkì wa. Ẹlẹ́rìí méjì ni òfin ń fẹ́, ẹnì kan ló kù.

Àfikún tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ kí a tó buwọ́ lù ú: Ilé Suara ni a wà báyìí. Mi ò lè dúró de ikú kí n tó tọrọ àforíjì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ, ó sì gbé mi dìde. Lọ́yà ka ìwé yìí sí i létí. Nígbà tó dé ìpín kẹta, Suara ní òun kò fẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń pe òun ní olè ní Oregun, ohun tí òun ń fẹ́ ni kí orúkọ òun wà nínú ìwé tó ń lọ sí kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a gbà gbọ́. Ó ní kí a fún òun ní bírò, kí òun buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kejì. Lọ́yà rán an létí òfin. Suara ní òun ti gbọ́.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Mo ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ní ìpín kẹta, mo fi ti ọmọ rẹ̀ Ayọ̀tọ́lá rọ́pò rẹ̀. Mo bi Lọ́yà, ó ní òfin kò ní kí ọmọ ẹlẹ́rìí má jogún. Lọ́tẹ̀ yìí, ìṣirò tèmi náà gún!

Mo buwọ́ lù ú ní Agége, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

F. A. Adébísọ́lá

Àwọn ẹlẹ́rìí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fúnra wọn:

Ùsmán Bélò. Iṣẹ́: awakọ̀.

Suara Sànní. Iṣẹ́: táǹkì omi, pẹ̀lú Fọlábí, ní Oregun.