Ìkúnlẹ̀ Tó Ba Ìdánwò Àbẹ̀kẹ́ Jẹ́

Vendredi, ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Ohun tójú mi rí lónìí, bí mo bá búra sí i, wọ́n á ní irọ́ ni.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní yunifásítì. Èmi rò pé orí ìwé ni wọ́n ti ń dán wọn wò. Àṣé wọ́n ní kó tẹ̀lé olùkọ́ ẹ̀ kiri Treichville, àdúgbò wa níbí, ni, kí ọkùnrin náà má fura. Tó bá fura, zéro, òdo nìyẹn, kó tún ọdún ṣe. Kò sọ fún mi, torí àṣírí ni.

Mo jókòó sáàárín àwọn táyà tí mò ń tà, mo rí i tó fi ìborùn bojú dé imú, ó ń kọjá lọ bí ẹni tí ò mọ̀ mí rí. Inú bí mi. Ọmọ tí mo bí!

"Àbẹ̀kẹ́! O rí bàbá ẹ, o ò lè kí i?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sáàárín títì. "Ẹ káàsán, bàbá mi."

Ọkùnrin kan níwájú, àṣé olùkọ́ ẹ̀ ni, bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín. "Mademoiselle, c'est fini." Ó ní ó ti parí nìyẹn.

Látìgbà yẹn Àbẹ̀kẹ́ ò bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ ẹ̀ ti tutù. Ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀ ṣá, èmi ni mo kọ́ ọ láti kékeré. Ká ní mo ti mọ̀…

Mo wọ bàtà kí n lọ bẹ olùkọ́ náà. Ìyá Sùlé, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, dínà mọ́ mi:

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, kí lẹ tún fẹ́ lọ sọ fún un tí ẹ ò tíì pariwo ẹ̀ ní títì?"