Ìkòkò Fífọ́ tí Ọ̀dúndún Yín Ń Gbé

Ìyé mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò lè bá yín sọ̀rọ̀ kí n má kọ́kọ́ kí yín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dúndún yín ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ẹ gbìn sínú ìkòkò fífọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀ ló kù kí n pa á. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ẹ ó rántí ìjà wa lórí ìkòkò náà. Mo ti Ayétòrò dé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé, mo sì ní ojú ń tì mí pé ìyá tíṣà ń gbin ewé sínú ìkòkò tó ti là. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n gbé e dànù. Ẹ kò bá mi jiyàn. Ẹ kàn fi ọwọ́ bo ibi tó là, bí ẹni ń bo egbò ọmọ. Ẹ fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewé náà hàn mí, mo ní wọ́n ti kọ́ wa ní ilé ìwé pé omi àti oòrùn ni ewéko ń fẹ́. Mo fi ìbínú padà lọ. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pé ara yín ò yá, kí n wá, mo ní ó di ìparí oṣù. Nígbà tí mo dé, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹnu yín ò ṣí mọ́. Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi, Ìyé?

Ilé ni mo wà báyìí, ilé ìwé tibí ni mo ti ń kọ́ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ra abọ́ tánganran funfun olódòdó pupa ní ọjà Kàbà, mo sì hú ọ̀dúndún yín gbìn sínú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yẹ ni mo ń ṣe fún yín. Mo ju ìkòkò yẹn sẹ́yìn ilé. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bu omi sí i, mi ò fo ọjọ́ kan.

Ewé tuntun ń yọ, ṣùgbọ́n kì í tóbi. Ewé tó ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ nígbà ayé yín wá kéré bí èékánná. Mo ní ebi ló ń pa á, mo da ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i. Mo ní ibòòji ló pọ̀ jù, mo gbé e sínú oòrùn. Mo yí ewé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ mo fọ́n eérú sí i. Bó ṣe ń rọ sí i ni mo ń fi omi kún omi.

Ìyá Fúnṣọ́, aládùúgbò wa, ló wá já ewé tó fẹ́ fún sí etí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń dùn ún, bí ẹ ti máa ń jẹ́ kó já a. Kò rí èyí tó tó fún. Ó ki ìka bọ erùpẹ̀ inú abọ́, ó sì na ìka náà sí mi nímú. Ó ń rùn bí omi tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Ẹ mọ̀ pé kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

"Tíṣà," ló wí, "abọ́ rẹ dára fún àlejò. Ibo ni kí omi gbà jáde? Ibi tí ìkòkò ìyá rẹ ti là ni omi ń gbà. Ìwọ lò ń rì í sómi."

Èmi tí mo máa ń fèsì sí ohun gbogbo, abọ́ ni mo lọ gbé.

Mo da abọ́ náà dé. Gbòǹgbò ti dúdú, ó ti rà. Ọ̀pá ewé mẹ́ta péré ló ṣì le lókè. Mo gé wọn, mo fi wọ́n sílẹ̀ ní ibòòji títí ojú ibi tí mo gé fi gbẹ, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Fúnṣọ́ ti ní kí n ṣe. Mo wá lọ wá ìkòkò yín lẹ́yìn ilé. Adìẹ yín aláwọ̀ eérú ló wà nínú rẹ̀, ó sàba lé ẹyin mẹ́jọ. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó sọ mí lọ́wọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Mo tẹ́ koríko gbígbẹ sínú abọ́ tánganran, mo gbé òun àti ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló jókòó sí di òní, bí ìyàwó olówó. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín kání ẹ rí i.

Ṣé ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lẹ fẹ́ fi hàn mí lọ́jọ́ tí ẹ fi ọwọ́ bo ìkòkò? Ẹ ò sọ pé mi ò mọ nǹkan kan. Ì bá sàn kání ẹ sọ ọ́.

Mo gbin ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìkòkò yín, mo sì gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pá kan kú. Èkejì kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe. Ẹ̀kẹta yọ ewé méjì, wọ́n sì tóbi ju àtàǹpàkò yín lọ. Láàárọ̀ yìí etí tún ń dun ọmọ-ọmọ Ìyá Fúnṣọ́. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo já ọ̀kan fún un, torí ẹ kì í dá ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Ohun tó le jù fún mi ni kí n má bu omi. Láràárọ̀ mo máa ń gbé igbá, mo máa ń ki ìka bọ erùpẹ̀. Bó bá ṣì tutù, mo gbé igbá sílẹ̀, mo sì jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin pè mí kí n wá jókòó tì yín, mo ní ó di ìparí oṣù.

Èmi ni ọmọ yín olóríkunkun tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó jókòó.